Ẹ Wo Ẹ̀yìn Kọ́là Ná

Àbúrò mi ra ṣẹ́ẹ̀tì òkìrìkà kan ní Kàtáńgùwà, ó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́. Ìgbà tó délé ló rí i pé kọ́là ti gbó, àpò sì ti luhò. Owó òmíràn ò sí.

A kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó lè súnkì kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo fi bíléèdì tú kọ́là, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, mo rán an padà. Mo lẹ àkísà sẹ́yìn ihò náà, mo wá fi òwú ya ewé kékeré lé e.

Ó wọ̀ ọ́ lọ. Ẹ má yára sọ aṣọ nù o.