Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Wa Di Olùṣọ́

Ọlá àwọn ìyá ni à ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ìyá ni n ó fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ẹnì kan pe ìyá akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń ta aṣọ ní Dantokpa. Ó ní òun ń ṣiṣẹ́ níbi owó orí fóònù, kí ìyá ka nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ fún òun. Ìyá kà á. Kó tó palẹ̀ ọjà mọ́, owó ti lọ. Ohùn ọmọdé ló gbọ́ o. Gayman ni à ń pè wọ́n.

Ohun tó dùn mí ni pé ọgbọ́n tí wọ́n fi ń jalè náà ni wọ́n fi ń ṣọ́lé, iṣẹ́ gidi sì ni. Ẹ wo Assane Gueye, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà. Ó kàwé ní Lausanne, ó sì gba oyè dókítà ní Berkeley, Amẹ́ríkà, ní 2011. Ìṣirò ló fi wádìí bí olùṣọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́ ṣe ń ta ayò síra wọn. Bí ìyá bá ń gba ọ̀nà kan ṣoṣo gbé owó ọjà relé, olè yóò ba dè é níbẹ̀. Bó bá ń pa ọ̀nà dà, ibo ni olè yóò dúró sí? Ìṣirò ló ń sọ iye ìgbà tó yẹ kí a gba ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Gueye di olùkọ́ ní ẹ̀ka Yunifásítì Carnegie Mellon tó wà ní Kigali.

Nítòsí wa níbí, IFRI ti Yunifásítì Abomey-Calavi ń kọ́ ọmọ ní ààbò kọ̀ǹpútà. Ọ̀nà ọ̀hún gùn: ọdún 3 fún licence, 2 fún master, 3 ó kéré tán fún doctorat. Lẹ́yìn BAC ni a ti ń pàdánù wọn: a ní kí wọ́n wá jókòó ti ìsọ̀, tàbí kí wọ́n rí ọ̀rẹ́ tó ra ọkọ̀ láìṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin aláṣẹ, òfin 2018 lórí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ń fìyà jẹ olè, ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa san owó ilé-ìwé ọmọ ọlọ́jà tó mọ ìṣirò. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ̀yin ìyá, ẹ má ka nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ yín fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe èmi olùkọ́ yìí.