Dísìkì Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Ilé



Ẹ mọ dísìkì, ẹ sì mọ̀ pé ó máa ń kú. RAID 1 ni pé kí kọ̀ǹpútà máa kọ ohun kan náà sára dísìkì méjì, kí iṣẹ́ má baà dúró bí ọ̀kan bá kú. Patterson, Gibson àti Katz ti Berkeley ní Amẹ́ríkà ló sọ ètò náà ní RAID nínú ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1988. Dísìkì terabáìtì 2 méjì yóò fún yín ní 2, kì í ṣe 4. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ó ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan ti ń fa ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó yẹ ká fi ṣe RAID. Wọ́n ní ẹni tó bá mọ iṣẹ́ á ra káàdì RAID, pé eré ọmọdé ni èyí tí Linux fúnra rẹ̀ ń ṣe. N kò gbà nígbà náà, n kò sì gbà lónìí. Ọ̀pọ̀ káàdì ló ní ìlànà ìkọsílẹ̀ tirẹ̀. Bí iná bá dé pẹ̀lú agbára àpọ̀jù tí káàdì jó, irú rẹ̀ gan-an lẹ máa wá kiri, ẹ ó sì wá a títí ní ọjà Rood-Woko ní Ouagadougou. Ṣùgbọ́n dísìkì tí ẹ fi mdadm, irinṣẹ́ RAID ti Linux, so pọ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ fi í sínú kọ̀ǹpútà mìíràn tó ní Linux, ẹ tẹ mdadm --assemble --scan, fáìlì yín yóò jáde. Wọ́n ní ti Linux lọ́ra. Ìṣirò tó ń gba agbára kọ̀ǹpútà, ti RAID 5, oríṣi RAID mìíràn, ni. Ní RAID 1, kìkì kíkọ lẹ́ẹ̀mejì ni. Bí iná bá sì lọ lójijì nínú ooru oṣù kẹrin, bitmap, àkọsílẹ̀ ibi tó ń kọ, tó wà lára rẹ̀ á jẹ́ kó tún kìkì ibi tó ń kọ lọ́wọ́ ṣe, kò ní bẹ̀rẹ̀ gbogbo dísìkì látìbẹ̀rẹ̀. Kí ni wọ́n tún fẹ́?

Ẹ̀kọ́ ẹ̀dà kejì ti pẹ́: láyé díìskẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká lọ sílé láìjẹ́ pé ó rí ẹ̀dà kejì. Ẹ̀yin tí ẹ kó àwòrán ìgbéyàwó àti ìsìnkú òbí sórí fóònù kan ṣoṣo, ẹ ò ṣe dáadáa rárá.

Síbẹ̀, RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ẹ pa fáìlì rẹ́, ó rẹ́ lórí méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti omi: ní ọjọ́ 1 oṣù kẹsàn-án 2009, òjò mìlímítà 263 rọ̀ sí Ouagadougou yìí, omi sì wọ ilé àjọ̀dún fíìmù FESPACO, níbi tí àkójọ fíìmù Áfíríkà wà. Dísìkì méjì tó wà nínú àpótí kan náà, omi kan náà ló máa gbé wọn.

Àkókò ti ń lọ. Ẹni tó ń lo Windows, Storage Spaces, tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, wà níbẹ̀ láti Windows 8. Ẹni tó ń lo Linux, kó máa wo fáìlì /proc/mdstat: [UU], méjèèjì yè, [U_], ọ̀kan ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nítorí pé RAID kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, ẹ ra dísìkì kẹta, ẹ da fáìlì yín sínú rẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní Ògbómọ̀ṣọ́.