Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ RÍRA TÍKẸ́Ẹ̀TÌ BÀÁLÙ NÍ IYE TÍ APÁ WA KÁ
Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní orúkọ àwọn oníṣòwò Yorùbá, Ọjà Kure, Minna, níbi ayẹyẹ ìkówójọ fún gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa

 

Ìgbìmọ̀ ayẹyẹ ní kí àwa oníṣòwò Ọjà Kure sọ̀rọ̀ lórí nǹkan tí yóò ṣe ọmọ ẹgbẹ́ láǹfààní. A jókòó, a rò ó síwá sẹ́yìn, a sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ ìrìnàjò. Ìlú onílùú ni a ń gbé. Ẹni tó ń gbé ìlú onílùú, bí ó ti wù kí ara tù ú tó, ilé kò ní yé pè é.

Ọkọ̀ ojú irin ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa wá. Minna níbí ni réluwé tó ti Èkó wá àti èyí tó ti Baro lọ sí Kano ti pàdé, ní ọdún 1912 ni ìjọba sì da méjèèjì pọ̀ di ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n parí afárá Jẹ́bà ní 1916, ọ̀nà là gbooro. Ará Ọ̀fà, ará Òṣogbo àti àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ náà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ ní Minna, wọ́n pàtẹ, Ọlọ́run sì bá wọn ṣe é. Lónìí, réluwé Minna sí Èkó kì í ṣe ohun tí oníṣòwò lè gbójú lé mọ́. Ọ̀nà Bídá sí Mokwa títí dé Jẹ́bà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ẹ sì rántí ìkún omi tó dé bá Mokwa ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2025, tó gba ẹ̀mí àti ilé lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa tí kò ronú bàálù rí fi ń ronú rẹ̀ báyìí.

Ẹ̀rù tó ń ba ènìyàn ni owó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, àwọn ilé iṣẹ́ bàálù gbé owó tó kéré jù fún ìrìnàjò ẹ̀ẹ̀kan ní Nàìjíríà sí ₦50,000. Kí ọdún 2024 tó parí, ti ọ̀pọ̀ ibi ti kọjá ₦100,000. Owó epo bàálù lọ sókè, ohun èlò rẹ̀ sì jẹ́ ohun tí à ń fi dọ́là rà, bẹ́ẹ̀ ni náírà sì wálẹ̀ gidigidi láti oṣù kẹfà ọdún 2023. A kò lè yí èyí padà. Ṣùgbọ́n ẹni méjì lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn nínú bàálù kan náà, kí ọ̀kan ti san ìlọ́po méjì owó èkejì. Ọ̀rọ̀ tí a wá sọ nìyẹn.

ỌJÀ WA ÀTI ỌJÀ WỌN

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà ṣe àpèjúwe, nítorí ọjà ni a mọ̀. Ní Ọjà Kure, ẹni tó ń ta tòmátì kì í gba iye kan náà láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ń wọ̀ tí ẹrù ṣì wà nílẹ̀, yóò dín owó kù, nítorí tòmátì kò ní dúró de ọ̀la. Ààyè inú bàálù náà kì í dúró de ọ̀la. Bí bàálù bá ti gbéra, ààyè tó ṣófo ti di òfò. Ènìyàn lè wá rò pé wọn yóò dín owó kù bí ó bá ku ọ̀la kí ó gbéra. Rárá o, òdìkejì ni. Wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì lónìí láti lọ lọ́la kò ní ọ̀nà mìíràn: bóyá òkú ló kú, bóyá òwò ńlá ló ń pè é, bóyá ìjọba ló ń sanwó fún un. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò san iye tí wọ́n bá pè.

Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n pín ààyè inú bàálù kan sí ìsọ̀rí. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n fi sí owó kékeré. Bí àwọn tó tètè dé bá ti rà á tán, owó yóò bọ́ sí ìsọ̀rí kejì, lẹ́yìn náà sí ìkẹta. Nítorí náà, bí ẹ bá wo fóònù láàárọ̀ tí ẹ rí iye kan, tí ẹ sì tún wò ó lálẹ́ tí ó ti lé, ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹlòmíràn ti ra èyí tó pọ́ọ́kú náà.

Ẹ kíyè sí èyí, nítorí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ọ́n. Ká ní ẹni mẹ́fà ń lọ ìgbéyàwó, tí ààyè méjì péré sì kù ní owó kékeré. Bí ẹ bá béèrè fún ẹni mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rọ sábà máa ń fi gbogbo yín sí owó ńlá, nítorí ó ń wá ìsọ̀rí tí yóò gba ẹni mẹ́fà pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ẹnì kan, lẹ́yìn náà fún ẹni méjì, kí ẹ tó béèrè fún gbogbo yín. Ẹ lè ra méjì ní owó kékeré, kí ẹ ra mẹ́rin yòókù lọ́tọ̀.

Ọjọ́ pẹ̀lú ní tirẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú àti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé sábà máa ń wọ́n, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti oníṣòwò ńlá ló ń lọ tó ń bọ̀ nígbà náà. Àárín ọ̀sẹ̀ sábà máa ń rọjú. Ní ti Kérésìmesì àti Iléyá, kò sí ẹni tí a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Minna ní pápákọ̀ òfurufú tirẹ̀, tí wọ́n tún ṣe, tí wọ́n sì fi orúkọ Ààrẹ Bọ́lá Ahmed Tinúbú pè ní 2024. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣa ọkọ̀ àti àkókò ṣà, Abuja ni yóò lọ, ó tó bíi 150 kìlómítà sí wa. Láti Abuja, Èkó nìkan kọ́ ni bàálù ń lọ. Ìbàdàn wà níbẹ̀, Àkúrẹ́ wà níbẹ̀, Ìlọrin wà níbẹ̀. Ará Oǹdó tó bá sọ̀ sí Èkó yóò tún wọ mọ́tò padà. Kí ẹ sì ro owó mọ́tò Minna sí Abuja mọ́ ọn, àti owó ẹrù tó bá lé. Bí ẹ bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó lè jẹ́ pé ará Ọ̀fà yóò rí i pé mọ́tò ni ó sàn fún òun. Kò sí ìtìjú níbẹ̀, ìṣirò ni.

ÀJỌ ÌRÌNÀJÒ

Ẹnì kan yóò wí pé, "Mo ti gbọ́ pé kí n tètè rà á, owó dà?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Owó oníṣòwò kì í sí lọ́wọ́, inú ẹrù ló wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí a ti ń ṣe ayẹyẹ. Oṣù mẹ́ta sí ìnáwó, a ti san owó aṣọ ẹbí. Oṣù méjì, a ti fún alásè lówó. Tíkẹ́ẹ̀tì tí yóò gbé wa dé ibi ìnáwó ni ọ̀pọ̀ ń fi sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ó lọ. Bí a bá ti mọ ọjọ́ ìnáwó, a ti mọ ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì.

Àbá wa ni pé kí ẹgbẹ́ dá àjọ kan sílẹ̀ lọ́tọ̀ fún ìrìnàjò. Àjọ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbí. Kí olúkúlùkù máa dá ohun tí agbára rẹ̀ ká lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹni tí ọjọ́ rẹ̀ bá súnmọ́ kó o ní bíi oṣù kan àbọ̀ ṣáájú, bí ó bá jẹ́ Nàìjíríà níbí ni ó ń lọ. Bí ó bá jẹ́ òkè òkun, kí ó tó oṣù mẹ́ta. Kí a sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tí òkú òjijì bá kú fún, nítorí òun ni kò lè yan ọjọ́.

KÍ A MÁ FI OWÓ WA FÚN OLÈ

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin ọjà wa pàdánù ìyá rẹ̀ nílé. Wọ́n fi ìsìnkú sí Ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní òun mọ ibi tí tíkẹ́ẹ̀tì ti pọ́ọ́kú. Arábìnrin wa fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọmọ náà, ọmọ náà sì fún un ní ìwé tí orúkọ rẹ̀ wà lórí rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà. Nígbà tó dé Abuja, wọ́n ní ọmọ náà kàn fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, kò sanwó, àkókò sì ti kọjá. Owó lọ. Ó wọ mọ́tò. Kí ó tó dé ilé, wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ bo ìyá rẹ̀. Owó tó sọnù, ènìyàn lè tún rí i. Èyí tó ṣẹ̀ yìí kò ní àtúnṣe.

Nítorí náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sọ́kàn.

Èkíní: láti oṣù kẹfà ọdún 2008 ni àwọn ilé iṣẹ́ bàálù àgbáyé ti fi tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé sílẹ̀, inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni tíkẹ́ẹ̀tì wà. Lẹ́tà àti nọ́ńbà mẹ́fà yẹn, àmì pé wọ́n fi orúkọ yín sílẹ̀ ni. Tíkẹ́ẹ̀tì tí a ti sanwó rẹ̀ sábà máa ń ní nọ́ńbà 13. Ẹ béèrè fún un.

Èkejì: ẹ má gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tó tà á fún yín. Kí ọmọ yín ṣí ojú ewé ilé iṣẹ́ bàálù náà fúnra rẹ̀, kí ó tẹ àmì mẹ́fà náà àti orúkọ ìdílé yín sí i. Bí a bá ti sanwó, yóò hàn.

Ẹ̀kẹta: Google Flights àti Skyscanner ń fi iye owó hàn ni, wọn kì í ṣe oní-bàálù. Wakanow àti Travelstart ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe gbogbo bàálù Nàìjíríà ló máa ń hàn níbi kan, nítorí náà ẹ dé ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú. Àkáǹtì tó ní orúkọ ilé iṣẹ́ ni kí ẹ sanwó sí, kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ẹ̀kẹrin: orúkọ. A ń jẹ́ Ìyá Ṣadé, a ń jẹ́ Alhaja, a ń jẹ́ Bàbá Ìbejì. Bàálù kò mọ ìwọ̀nyí. Bí orúkọ bá ti wà lára NIN tàbí pásípọ́ọ̀tù ni kí ó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe ohun tí a lè fún ẹlòmíràn lò.

Ẹ̀karùn-ún: èyí tó pọ́ọ́kú jù sábà máa ń ní ìdè. Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè bóyá a lè sún ọjọ́ rẹ̀, àti ìwọ̀n ẹrù tó wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀tọ́ pẹ̀lú wà fún wa. Lábẹ́ òfin àjọ NCAA, bí bàálù Nàìjíríà bá pẹ́ ju wákàtí kan lọ, ó yẹ kí wọ́n fún èrò ní ohun mímu àti ìpanu. Bí ó bá kọjá wákàtí méjì, èrò lè gba owó rẹ̀ padà. Ẹ má fi ìbínú jà. Ẹ fi òfin béèrè.

ÒKÈ ÒKUN ÀTI HAJJ

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ wà ní London, kò di dandan kó kọjá sí Èkó. British Airways ń gbéra láti Abuja, Ethiopian ń gba Addis Ababa, Turkish ń gba Istanbul. Ní àárín ọdún 2023, owó àwọn bàálù òkèèrè tó há sí Nàìjíríà lé ní 800 mílíọ̀nù dọ́là, wọ́n sì ti àwọn ààyè olówó kékeré mọ́ wa. Nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ Èkó sí London ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2024, owó wálẹ̀. Ẹ rí i pé bí alátẹ bá di méjì, oníbàárà a sinmi. Ṣùgbọ́n bí bàálù yóò bá yà ní Jámánì tàbí Faransé, ẹ kọ́kọ́ béèrè nípa físà ìyàsọ̀, kí tíkẹ́ẹ̀tì olówó kékeré má baà di ẹkún.

Ní ti Hajj, ọ̀dọ̀ àjọ alálàájì ìpínlẹ̀ tàbí ilé iṣẹ́ tí NAHCON fún níwèé àṣẹ ni a ti ń sanwó. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta á fún yín lórí fóònù lójú ọ̀nà, ẹ sá fún un.

ÌPARÍ

Gbọ̀ngàn tí a ń kówó jọ fún lónìí, a bẹ̀bẹ̀ kí yàrá kékeré kan wà nínú rẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kan yóò wà, kí àwọn ọmọ wa tó mọ̀wé máa jókòó níbẹ̀ lẹ́yìn ọjà, kí wọ́n máa yẹ tíkẹ́ẹ̀tì wò fún ìyá tí kò lè kàwé láìgba kọ́bọ̀. Owó tí ẹ bá fi sílẹ̀ lónìí, ẹsẹ̀ yín ni ẹ ń ra bàtà fún. Àwa oníṣòwò Ọjà Kure yóò dá tiwa, a ó sì ra kọ̀ǹpútà náà.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a pàdánù ilé, kí ó má jẹ́ kí a pàdánù ọ̀nà. Àlọ wa, àbọ̀ wa, ire ni yóò máa jẹ́.