Ọ̀gá Tí Kò Kọ́ Ọmọṣẹ́

 

Àwa oníṣòwò Mile 1 kò mọ̀wé púpọ̀, ṣùgbọ́n a mọ ohun tí à ń pè ní ọ̀gá àti ọmọṣẹ́. Télọ̀ tàbí mẹkáníìkì tó bá gba ọmọ síṣẹ́ mọ̀ pé títí di ọjọ́ fìrídọ́ọ̀mù, ojú òun ni ọmọ náà ń wò. Àwọn ọmọ wa tí ilé-iṣẹ́ gbà láti máa kọ ètò kọ̀ǹpútà kò rí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Wọ́n wọlé lónìí, iṣẹ́ ti dé ọrùn wọn lọ́la. Iṣẹ́ náà sì ń yí padà lọ́dọọdún. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra dátà, òru ni wọ́n fi ń kọ́ ẹ̀kọ́, bí iná bá wà. Bí wọ́n bá béèrè, ọ̀gá á ní, "Bí mo bá kọ́ ọ tán, ṣé o kò ní sá lọ sí Kánádà?" Họ́wù! Télọ̀ tí irú ẹ̀rù yìí bá ń bà, ta ni yóò bá a rán aṣọ ọdún?

Àwọn mìíràn ní kò sówó. Láti 1971 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá Industrial Training Fund sílẹ̀. Òfin tí wọ́n tún ṣe ní 2011 ní kí ilé-iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 5 sókè máa san náírà 1 nínú 100 owó oṣù tó ń san lọ́dún. Bó bá kọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí òfin ti wí, ó lè gbà tó ìdajì padà. Àwọn ọ̀gá kan ń san án bí owó orí, wọn kì í béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n wà láàárín wa níbí, a kò dárúkọ.

Andela, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2014, gbìyànjú: wọ́n ń kọ́ ọ̀dọ́, wọ́n sì ń sanwó fún wọn. Ní September 2019, wọ́n ní kí nǹkan bí 250 máa lọ ní Nàìjíríà àti Uganda, nítorí àwọn oníbàárà ń fẹ́ àwọn tó ti dáńtọ́. Ta wá ni yóò sọ ọmọ tuntun di ẹni tó dáńtọ́?

Nínú owó ìfilọ́lẹ̀ òní, a bẹ ìgbìmọ̀ kí wọ́n ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún yàrá kan nínú gbọ̀ngàn wa, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà 10 àti jẹnẹrétọ̀, kí àwọn àgbà iṣẹ́ náà máa kọ́ àwọn àbúrò wọn ní Sátidé. Àwa ará Mile 1 yóò ra kọ̀ǹpútà 2 àkọ́kọ́. Akọ̀wé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.