Octaviano Olympio àti ìwé ìdílé tiwa: ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ ní Adewui

 

Wọ́n máa ń bi àwọn ọmọ wa lọ́jà pé: “Ìgbà wo lẹ̀yin Nàgó dé Lomé?” Ká má bínú sí i. Ìdáhùn ni ká wá. Ẹ jẹ́ ká wo ìdílé kan tí gbogbo Togo mọ̀, ìdílé Olympio.

Bahia, nílẹ̀ Bùràsílì, ni wọ́n ti bí Francisco Olympio. Ó sọdá òkun wá sí Agoué, níbi tí àwọn Àgùdà ń padà sí. Púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tí wọ́n tà lẹ́rú. Agoué náà ni wọ́n bí ọmọ rẹ̀ Octaviano sí ní 1860. Ní 1882, Octaviano ti dé Lomé, ó ń ṣòwò fún ilé iṣẹ́ Swanzy ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ṣírò ó wò: ó ku ọdún méjì kí Jámánì tó gba Togo! Ó gbin àgbọn, ó ṣe búríkì, ó lówó.

Ṣùgbọ́n torí owó kọ́ la ṣe dárúkọ ẹ̀. Ní 1913, Solf, mínísítà Jámánì tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ òkèèrè, wá sí Togo. Octaviano àti àwọn gbajúmọ̀ ìlú kọ̀wé sí i: kí wọ́n yé na èèyàn ní pàṣán, kí wọ́n yé fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n, kí ilé ẹjọ́ dára sí i, kí ọmọ ilẹ̀ náà lẹ́nu nínú ìgbìmọ̀ ìjọba.

Nígbà tí Faransé dé, ó tún wà nínú ìgbìmọ̀ àwọn gbajúmọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀. Àwọn kan ní ìgbìmọ̀ yẹn sún mọ́ òyìnbó jù, àwọn obìnrin Lomé sì tú jáde torí owó orí ní oṣù kìíní 1933. Ìyẹn náà, ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ta ló máa gba ìtàn tó jẹ́ kìkì oríkì gbọ́?

Octaviano kú ní 1940. Sylvanus, ọmọ àbúrò rẹ̀ Epiphanio, ló di ààrẹ Togo àkọ́kọ́.

Ìdílé tiwa ńkọ́? Ẹlòmíì, ìwé owó orí ló ní, tàbí ìwé ilẹ̀, tàbí fọ́tò tí wọ́n kọ nǹkan sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi àwọn ìyá àgbà: orúkọ ta ni, ìlú wo, ọdún wo? Ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ wá fún akọ̀wé. Ojúlówó, ẹ fi sílé. Ẹ̀yin ìjòyè, tiyín la fẹ́ kọ́kọ́ rí.