Ìjókòó Mẹ́fà, Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá: Ta Ni Wọ́n Ń Gbé Lọ Sí Òfurufú?

Láti Yemetu níbí, nílùú Ìbàdàn, ni ètò wa ti ń wá. Bẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ariwo lẹ́yìn mi, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì máa ń kà á dípò kẹ́ ẹ gbọ́ ọ nítorí dátà, mo rí yín o, ẹ ṣeun.

Orí ohùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp ni ọ̀rọ̀ tòní ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ni, ó ní òun ń tún fóònù ṣe lápá Ọjà'ba. Ó ní ẹnìkan ju líǹkì sínú gúrúùpù àwọn pé wọ́n ń wá ọ̀dọ́ Nàìjíríà tí wọ́n máa fi rọ́kẹ́ẹ̀tì gbé lọ sí òfurufú lọ́fẹ̀ẹ́, pé kí ẹni tó bá fẹ́ san ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà fún fọ́ọ̀mù. Ọ̀rẹ́ òun ti san, nínú owó tó yẹ kó fi ra ojú fóònù oníbàárà. Òun fúnra òun ti fẹ́ san kó tó rántí wa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé òótọ́ ni àbí jìbìtì?"

Àbúrò, méjèèjì ni. Ètò kan wà lóòótọ́ tó fẹ́ gbé ọmọ Nàìjíríà lọ. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà fún yín yẹn, jìbìtì ni. Ohun tó jẹ́ kí jìbìtì yẹn dùn ún gbà gbọ́ ni pé òótọ́ wà nídìí rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká tú òótọ́ náà palẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí n tó lọ jìnnà: ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ sọ fún màmá yín, ẹ má sọ pé "Mo fẹ́ lọ sọ́run" o! Ẹ máa gba àdúrà tẹ́ ẹ ò retí. Gbalasa òfurufú ni àwọn kan máa ń pe ibẹ̀ lédè wa. Èmi á kàn máa pè é ní òfurufú, ká lè rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ibo gan-an ni ibẹ̀? Ibi tí ọ̀pọ̀ gbà pé òfurufú ti bẹ̀rẹ̀ ni 100 kìlómítà sókè, wọ́n ń pè é ní ìlà Kármán. Márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó lé ní 120 kìlómítà. Tó bá jẹ́ pé òkè ni ọ̀nà yẹn dorí kọ, èèyàn á ti dé òfurufú kó tó dé Èkó, láìsí gósúlóò kankan. Tàbí kẹ́ ẹ wo Cocoa House ní Dùgbẹ̀, kẹ́ ẹ to ó lérí ara wọn bí ẹgbẹ̀rún kan. Kò jìnnà. Ó kàn ga ni.

Ìrìn àjò tí a ń sọ yìí kì í yí ayé po bíi ti àwọn tó ń lọ gbé lókè fún oṣù mẹ́fà. Ó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀, bí òkò tí ọmọdé sọ sókè. Rọ́kẹ́ẹ̀tì New Shepard ti ilé iṣẹ́ Blue Origin, tí Jeff Bezos ni ín, máa ń gbéra tẹ́lẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn Texas ní Amẹ́ríkà. Ìjókòó mẹ́fà ló wà nínú yàrá tó wà lórí rẹ̀, fèrèsé ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Bí iná rẹ̀ bá ti kú lókè, yàrá yẹn á já kúrò lára rọ́kẹ́ẹ̀tì, àwọn tó wà níbẹ̀ á tú bẹ́líìtì, wọ́n á sì máa léfòó bíi ìyẹ́ adìyẹ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin. Wọ́n á padà jókòó, pàráṣúùtì mẹ́ta á ṣí, wọ́n á balẹ̀ sí aginjù. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mọ́kànlá.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fọkàn sí nìyí: kò sí dírẹ́bà. Kọ̀ǹpútà ló ń wà á lọ, tó ń wà á bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì péré ni wọ́n ń gbà: bí wọ́n ṣe ń de bẹ́líìtì, bí wọ́n ṣe ń padà sí ìjókòó, ohun tí wọ́n máa ṣe tí wàhálà bá dé. Nítorí náà, wọn kì í yan èèyàn nítorí pé ó mọ ọkọ̀ wà tàbí pé ó ka ìwé físíìsì. Ẹni tó ni ìjókòó ló ń sọ ẹni tó máa jókòó. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kan jẹ́ òótọ́, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: ta ló ra ìjókòó yẹn?

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 2025, ọmọ Yorùbá kan jókòó síbẹ̀. Owólabí Salis, ọmọ Ìkòròdú, lọ́yà ni, oníṣirò owó ni, òun kan náà ló du ipò gómìnà Èkó lábẹ́ AD lọ́dún 2019. NS-33 ni wọ́n pe ìrìn àjò náà, ẹ̀ẹ̀kẹtàlá tí New Shepard máa gbé èèyàn. Àwọn márùn-ún yòókù jẹ́ ará Amẹ́ríkà, tọkọtaya kan wà nínú wọn, lọ́yà mìíràn tó ti fẹ̀yìn tì náà wà níbẹ̀. Lọ́yà méjì nínú èèyàn mẹ́fà! Wọ́n pe Salis ní ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé òfurufú. Mo rí àwọn kan lórí X tí wọ́n ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá kò tó nǹkan. Ẹ bi wọ́n pé ìṣẹ́jú mélòó ni tiwọn.

Blue Origin kì í gbé iye owó ìjókòó síta. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2025, fọ́ọ̀mù wọn sọ pé ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sílẹ̀ ní láti kọ́kọ́ fi 150,000 dọ́là sílẹ̀, tó ń lọ sí mílíọ̀nù 230 náírà nígbà yẹn. Ìyẹn kọ́ ni owó ọkọ̀ o, owó ìdúró lórí ìlà ni. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé èèyàn lọ, ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2021, wọ́n fi ìjókòó kan ṣe gbàǹjo, ó wọ mílíọ̀nù 28 dọ́là. Ẹni tó rà á kò ráyè lọ lọ́jọ́ yẹn, ni wọ́n bá fi ọmọ ọdún méjìdínlógún kan láti Netherlands, Oliver Daemen, rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó jókòó pẹ̀lú rẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù: màmá àgbà Wally Funk, ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Awakọ̀ òfurufú ni, ó ti yege nínú àyẹ̀wò àwọn tó ń lọ sí òfurufú láti 1961, àmọ́ wọn ò gba obìnrin nígbà yẹn. Ọgọ́ta ọdún ló fi dúró.

Àwọn tí kò lówó náà ti lọ. Sara Sabry, ọmọ Íjíbítì, lọ ní oṣù Kẹjọ 2022. Àjọ kan tó ń jẹ́ Space for Humanity ló gba ìjókòó fún un lẹ́yìn tó kọ̀wé sí wọn, òun sì ni obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá kan láti Antigua, Keisha Schahaff, jẹ ìjókòó méjì nínú tẹ́tẹ́ ọrẹ àánú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú dání, inú ọkọ̀ Virgin Galactic ni wọ́n bá lọ. Baba kan tó jókòó pẹ̀lú wọn, Jon Goodwin, ti san 250,000 dọ́là tiẹ̀ láti 2005. Ọdún méjìdínlógún! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bínú pé ọjà tẹ́ ẹ rà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ́ ọjọ́ mẹ́ta.

Ó wá ku èyí tó kan àbúrò wa. SERA ni orúkọ àwọn tó ni ètò náà. Wọ́n gba gbogbo ìjókòó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nínú ìrìn àjò New Shepard kan, wọ́n sì ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní èèyàn tó ti dé òfurufú ni àwọn fẹ́ pín in fún. Nàìjíríà wà lára wọn. Oṣù Kẹfà 2024 ni NASRDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú ní Àbújá, lábẹ́ Dókítà Matthew Adépọ̀jù, kéde rẹ̀ pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní aráàlú ló máa dìbò, ní ìpele-ìpele, títí á fi ku ẹnìkan. Iye tí SERA kéde ni dọ́là méjì àbọ̀, owó àyẹ̀wò pé ìwọ gan-an ni ẹni tó o pe ara rẹ. Kò tó ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà. Orí ìkànnì tiwọn fúnra wọn ni wọ́n sì ní kéèyàn ti ṣe é, kì í ṣe nínú àkáǹtì Alhaji kankan.

Àwọn èèyàn yìí ti gbé ẹnìkan lọ rí. Lọ́dún 2022, nígbà tí wọ́n ṣì ń jẹ́ Crypto Space Agency, wọ́n fa orúkọ Victor Hespanha, ẹnjiníà ará Brazil, jáde láàárín àwọn tó ra NFT wọn, ó sì lọ, ó sì bọ̀. Ìbò ni wọ́n wá fẹ́ lò báyìí, ibẹ̀ ni èmi ò ti bá wọn fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ ìbò orí fóònù, a mọ ẹni tó máa wọlé: ẹni tó ní fọ́lówà. Tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ń kọ́ ọmọ àádọ́rùn-ún nínú kíláàsì kan ní Màpó kò lè bá oníṣikíìtì du ìbò. Ká kàn fa orúkọ nínú ike ì bá sàn jù lójú tèmi. Ẹ lè bá mi jiyàn.

Mo fẹ́ sọ ti Mandla Maseko, torí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Ọmọ South Africa ni, láti àdúgbò àwọn mẹ̀kúnnù lẹ́bàá Pretoria, DJ ni. Lọ́dún 2013, ilé iṣẹ́ lọ́fínńdà Axe ṣe ìdíje, wọ́n ní àwọn máa gbé àwọn tó bá yege lọ sí òfurufú. Mandla yege, ó wà lára mẹ́tàlélógún tí wọ́n mú jákèjádò ayé. Gbogbo Áfíríkà ń pè é ní Afronaut, ó ń lọ bá àwọn ọmọ iléèwé sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó lù ú ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n ìjókòó tó jẹ wà nínú ọkọ̀ Lynx tí ilé iṣẹ́ XCOR ṣì ń kàn lọ́wọ́. Ọkọ̀ yẹn kò fò lẹ́ẹ̀kan rí. Lọ́dún 2017, ilé iṣẹ́ náà wọ gbèsè, ó kógbá sílé. Lóṣù Keje 2019, jàm̀bá alùpùpù pa Mandla, ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Kò dé òfurufú.

Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè kejì fi jẹ́ pé: ọkọ̀ yẹn ńkọ́, ṣé ó ti fò rí? Ti New Shepard ti fò. Kò túmọ̀ sí pé kò léwu o. Lóṣù Kẹsàn-án 2022, rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kan bàjẹ́ lójú ọ̀nà òkè. Kò séèyàn nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rọ ìsásálà já yàrá orí rẹ̀ gbà, pàráṣúùtì sì gbé e balẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ní kí gbogbo èrò tọwọ́ bọ̀wé pé wọ́n ti sọ fún òun pé ìjọba kò fọwọ́ sọ̀yà pé ọkọ̀ náà kò léwu. Màmá yín máa fẹ́ ka ìwé yẹn.

Ní ti ara yín: ẹ gbọ́dọ̀ pé ọdún méjìdínlógún. Nígbà gbàǹjo 2021, Blue Origin ní ẹni tó máa lọ gbọ́dọ̀ wà láàárín kílò 50 sí 101, kó ga tó 152 sẹ̀ǹtímítà, kó má ju 193 lọ, kó sì lè gun àtẹ̀gùn àjà méje láàárín 90 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ lọ dán ìyẹn wò ní Cocoa House, tí àwọn sikiọ́rítì bá gbà fún yín. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kílò ṣeré. Lọ́dún 2021 kan náà, ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà jẹ ìjókòó nínú ọkọ̀ SpaceX, ara rẹ̀ sì wúwo ju ìwọ̀n lọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, Chris Sembroski, ló fi fún.

Ohun tẹ́nìkan kì í sọ ni físà. Texas ni wọ́n ti ń gbéra. Ní ọjọ́ 8 oṣù Keje 2025 ni Amẹ́ríkà kéde pé físà àbẹ̀wò tí àwọn á máa fún ọmọ Nàìjíríà di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan péré, fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ìbò bá gbé wọlé tí kò ní ìwé ìrìnnà lọ́wọ́, iṣẹ́ ti wà nílẹ̀ dè é.

Àbúrò mi tó wà l'Ọ́jà'ba, fi ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ sápò. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó pe báńkì rẹ̀ lónìí, kó má dúró di ọ̀la, kó fún wọn ní nọ́ńbà àkáǹtì tó sanwó sí. Kó ya fọ́tò gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lórí gúrúùpù yẹn kí wọ́n tó pa á rẹ́. EFCC ní ọ́fíìsì ní Ìyágankú, kó kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀. Bó bá ń tijú láti dá lọ, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí wa, ọ̀kan nínú wa á bá a lọ ní Mọ́ńdè.