Ìwé Ìròyìn Eré Ìdárayá Tiwa: Bí Complete Sports Ṣe Bẹ̀rẹ̀ àti Ohun Tí Ó Kù Sí Wa Lọ́wọ́
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ẹbí ní Sharjah)

  Ìgbìmọ̀ ní kí a wá sọ̀rọ̀ nípa ìtàn ìwé ìròyìn kan ní ilé. Èyí tí a yàn kì í ṣe ti òṣèlú. Complete Sports ni, ìwé ìròyìn eré ìdárayá ojoojúmọ́ tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Ìsọlọ̀, l'Ékòó. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ń wá ní ìpàdé àgbà. Ẹ yá wa létí díẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni a ń bọ̀ wá kàn.

Yorùbá kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé ìròyìn. Ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta. Daily Times dé ní ọdún 1926, Nigerian Tribune ti Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì dé ní 1949. Ní ọdún 1949 yẹn kan náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù. Teslim Balógun, tí wọ́n ń pè ní "Thunder", wà láàárín wọn.

Ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹ̀yìn ìwé ni àyè eré ìdárayá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí bọ́ọ̀lù ṣe lọ, láti ẹ̀yìn ni yóò ti ṣí ìwé wá sí iwájú. Ní 1976, IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn di ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà. Ní oṣù Kẹta ọdún 1980, Green Eagles na Algeria ní 3 sí 0 ní Sùúrùlérè. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹyọ kan. Ojú ewé méjì péré kò lè gba ohun tí àwọn ènìyàn fẹ́ kà lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti mọ èyí tipẹ́. Ní Ítálì, La Gazzetta dello Sport ti wà láti 1896. Marca bẹ̀rẹ̀ ní Spain ní 1938, L'Équipe sì bẹ̀rẹ̀ ní Faransé ní 1946. Ẹ̀yin ọmọ, Champions League tí ẹ ń wò lóru yìí, akọ̀ròyìn L'Équipe kan, Gabriel Hanot, ni ó dá ìmọ̀ràn rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà ní 1955. Ìwé ìròyìn lè ju ìwé lọ.

Ní ilé wa, ẹni tí ó gbé ẹrù náà lérí ni Ọ̀gbẹ́ni Sunny Obazu-Ojeagbase. Òun ni olóòtú eré ìdárayá ní The Guardian nígbà tí ìwé náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó fi iṣẹ́ olówó oṣù sílẹ̀, ó dá Sports Souvenir sílẹ̀, ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí kò sọ nǹkan mìíràn ju eré ìdárayá lọ. Lẹ́yìn náà ni Complete Football dé. Ní ìparí ọdún 1995 ni wọ́n wá gbé ti ojoojúmọ́ jáde. Mumini Alao, ọ̀kan nínú àwọn olóòtú ilé iṣẹ́ náà, ni ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nítorí abala rẹ̀ tí ó ń jẹ́ SoccerTalk.

Ẹ wo irú àkókò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ológun ti ti Concord, Punch àti The Guardian pa ní 1994. Ní 1995 kan náà, wọ́n gba ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé kúrò lọ́wọ́ Nàìjíríà, wọ́n gbé e wá sí Qatar, ẹ̀gbẹ́ wa níbí. Ní oṣù Kọkànlá, ìjọba pa Ken Saro-Wiwa, ayé sì bínú sí wa. Nígbà tí ó di oṣù Kìíní ọdún 1996, tí ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà bẹ̀rẹ̀ ní South Africa, Super Eagles tí ó gba ife náà ní Tunisia ní 1994 kò lọ. Ìwé ìròyìn eré ìdárayá tí kò tíì pé oṣù díẹ̀, ìdíje tí ó tóbi jù ní Áfíríkà sì ń lọ láìsí orílẹ̀-èdè rẹ̀ níbẹ̀! Ẹni tí ó bá mọ ọjà títà yóò mọ̀ pé ìdánwò nìyẹn.

Ṣùgbọ́n Ọlọ́run kò sùn. Ní Atlanta, ní ọdún 1996 kan náà, a na Brazil ní 4 sí 3. Chioma Ajunwa fo gba góòlù ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹjọ. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀, a na Argentina ní 3 sí 2, a gba góòlù bọ́ọ̀lù.

Iṣẹ́ ojoojúmọ́ kì í ṣe eré o. Bọ́ọ̀lù parí ní alẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ ọ́, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lóru, kí ọkọ̀ sì gbé e dé Ìbàdàn àti Ìlọrin kí ilẹ̀ tó mọ́ gbangba. Òkè òkun ni wọ́n ti ń ra bébà tí wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, nítorí náà bí náírà bá ti já wálẹ̀, iye owó ìwé á gòkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń yí tábìlì fẹ́ńdọ̀ ká ní àárọ̀, tí wọ́n ń ka àkọlé, tí wọ́n ń jiyàn títí ọ̀fun yóò fi gbẹ, tí wọn kò sì ní ra ẹyọ kan. Nígbà tí ẹ̀rọ fóònù dé, tábìlì náà wá wọnú àpò oníkálukú. Complete Sports náà gbé ìròyìn rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ní ìlú yìí lè ka orúkọ agbábọ́ọ̀lù Arsenal láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú. Ẹ bi wọ́n ta ni Rashidi Yekini, wọn yóò máa wò yín. Òun ni ó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wọlé fún Nàìjíríà ní Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà ọdún 1994, tí a na Bulgaria ní 3 sí 0. Ìbàdàn ni ó kú sí ní ọdún 2012. Bí kò bá sí àwọn tí ń kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́, kí ni a ó fi hàn wọ́n?

Ẹ má sì jẹ́ kí a rò pé òkèèrè ni ìtàn náà wà. Ní ọdún 2013, àwọn Golden Eaglets na Uruguay ní 2 sí 0 ní Sharjah níbí. Taiwo Awóníyì, ọmọ Ìlọrin, ni ó gbá méjèèjì wọlé. Wọ́n na Sweden ní 3 sí 0 ní Dubai. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù Kọkànlá, wọ́n na Mexico ní 3 sí 0 ní Abu Dhabi, wọ́n sì gba ife àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà kẹrin. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú yìí ní ọdún yẹn ti dàgbà tó láti mọ̀ ọ́n báyìí. Ta ló ti sọ fún un?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀ yín fún. Èkíní, bí ẹ bá lọ sílé, ẹ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì àti orí àjà. Àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tí àwọn bàbá wa tọ́jú, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi di ẹ̀pà àti súyà tán. Èkejì, ẹ máa bá àwọn ọmọ ka ìròyìn eré ìdárayá ilé, kí ẹ sì máa fi Yorùbá ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, torí Gẹ̀ẹ́sì ni Complete Sports fi ń kọ. Ọmọ tí kò fẹ́ jókòó kọ́ èdè yóò jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹ̀kẹta, àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù níbí, wọ́n ń sáré, wọ́n ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹ jẹ́ kí ìwé ẹgbẹ́ wa yìí máa kọ ọ́: ọjọ́ wo, ibo, mélòó sí mélòó, orúkọ ta ni. Bí Ojeagbase ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn, kí ó tó di ti ojoojúmọ́.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí tiwa gbẹ o. Kí Ó dá ẹ̀mí gbogbo wa sí, kí Ó sì mú wa délé láyọ̀.